Wọ́n Ti Mẹ́kà Dé, Wọn Ò Wọlé

Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò sọ pé ibi tí ọkọ̀ bá dúró sí, tí a sọ ẹrù kalẹ̀, níbẹ̀ ni ìrìn-àjò parí sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ nílé tiwa. Ìrìn-àjò Mẹ́kà tí bàbá mi àti ìyá mi fi lọ́rì rìn, tí wọ́n gba Kánò lọ sí Màídúgùrì, tí wọ́n la aṣálẹ̀ ilẹ̀ Ṣáàdì kọjá, tí wọ́n rìn dé òpin ilẹ̀ Sùdáànì kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Jídà, tí wọ́n sì tún gba ọ̀nà kan náà padà, kò parí ní ibùdókọ̀ Mínà. Inú ilé wa ló parí sí, lẹ́yìn tí wọ́n ti dé fún ọjọ́ mélòó kan, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú igbe. Láàárín ìgbà tí ọkọ̀ já wọn sílẹ̀ àti ìgbà tí ìrìn-àjò náà parí, wọn kò kúrò níbi tí èmi ọmọdé lè ju òkúta dé láti ẹnu ọ̀nà wa. Bí mo bá ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi, wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àwọn àgbà ìgbà yẹn fẹ́ràn wàhálà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi kò mọ Ìyàwó Télọ̀, èmi ni mo mọ̀ ọ́n.

Túdùn Wádà ni ilé wa wà, ilé amọ̀ tí bàbá mi kọ́ nígbà tó ti Ìlọrin dé Mínà. Ààfáà Onífìlà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé kéwú ló ń kọ́ àwọn ọmọ láàárọ̀, fìlà ló sì ń fọwọ́ rán lọ́sàn-án. Iwájú ilé ni àtíbàbà tó ti ń kọ́ni wà, lábẹ́ igi dóńgóyárò kan. Bí o bá jí nílé wa, ohun tí o máa kọ́kọ́ gbọ́ ni ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó máa ń gbálẹ̀ bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ jà. Lẹ́yìn ìgbálẹ̀, fèrè rélùwéè. Lẹ́yìn fèrè, àwọn ọmọ kéwú pẹ̀lú wàláà wọn, tí olúkúlùkù ń ké tirẹ̀ tí kò gbọ́ ti ẹnìkejì. Bí oòrùn bá ti mú díẹ̀, a óò gbọ́ máṣíìnì Bọ̀dá Télọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, yóò sì máa dún títí di ìgbà tí wọ́n bá pe ìrun Mọ̀gàríbà. Lọ́dún tí bàbá mi lọ, kéwú ni kò dún mọ́. Mo rántí pé inú mi kọ́kọ́ dùn sí i, torí ariwo wọn kì í jẹ́ kí n sùn. Nígbà tó yá, mo máa ń jí fúnra mi, màá dùbúlẹ̀, màá máa retí rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi kò yí padà: omi pípọn, ata lílọ̀, àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ gbígbá nínú sàúrè, ìyẹn yàrá ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ là kọjá.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já Yísá, àbúrò mi, lẹ́nu ọmú ni nígbà tí wọ́n lọ. Ìyá mi kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Bàbá mi ló ní ọ̀nà náà kì í ṣe ọ̀nà ọmọdé, Ìyá Àgbà sì gba ọmọ, ó pọ̀n ọ́n, ó ní kí wọ́n máa lọ, ẹ̀yìn òun kò tíì gbó. Ìgbà tí wọ́n fi máa dé, Yísá ti ń sáré, ó ti ń sọ̀rọ̀, Hausa ló sì ń sọ. Gbogbo wa tí wọ́n bí sí Mínà ló rí bẹ́ẹ̀, Hausa yọ̀ lẹ́nu wa ju Yorùbá lọ, ó sì máa ń bí Ìyá Àgbà nínú. Ó ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ ẹran nínú ọbẹ̀ kúkà òun, Yorùbá ni kó fi tọrọ rẹ̀. Báyìí ni mo ṣe mọ ṣàkì, ẹ̀dọ̀ àti fùkù ní Yorùbá kí n tó mọ orúkọ àwọn ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀. Yísá kì í tọrọ ní èdè kankan. Ó kàn máa ń la ẹnu ni, Ìyá Àgbà á sì fi ẹran sí i. "Ìyá" ló ń pè é. Bí ẹnìkan bá bi í pé ìyá rẹ̀ dà, Ìyá Àgbà ni yóò nàka sí. Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. "Ìyá rẹ wà lọ́nà, ó ń bọ̀," ni yóò wí, ọmọ náà á sì wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún òun.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bọ̀dá Télọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, ọkọ a sì máa kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ògiri kan ló wà láàárín wa, ó sì kúrú débi pé Ìyá Àgbà àti Ìyàwó Télọ̀ máa ń na iyọ̀ sí ara wọn lórí rẹ̀. Èmi kò mọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ní àdúgbò wa, obìnrin a máa jẹ́ ìyàwó lágbájá fún ọdún kan tàbí méjì, tó bá ti bímọ, á di Ìyá Lágbájá, orúkọ ti tẹ́lẹ̀ á sì kú. Tirẹ̀ kò kú. Àwọn tí wọ́n gbé wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ti di Ìyá Súlè, wọ́n ti di Ìyá Rúùtù, òun ṣì ni Ìyàwó. Ẹnikẹ́ni kò fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Bóyá ìyẹn gan-an ló burú jù, pé wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́. Òun ló ń fi àjákù aṣọ tó bá ṣẹ́ kù nínú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ rán ẹ̀wù fún Yísá. Apá ọ̀tún lè jẹ́ pupa, kí ti òsì jẹ́ aláwọ̀ ewé, kí ẹ̀yìn jẹ́ aṣọ tí wọ́n fi rán kọ́tìnì onímọ́tò kan. Yísá kì í fẹ́ bọ́ wọn fún fífọ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ló ń mú ìròyìn wá. Ọ̀kan nínú wọn ń gbé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa, Kánò ló máa ń bá ọkọ̀ lọ, gbogbo ìgbà tó bá sì ti dé ni yóò yà kí Ìyá Àgbà. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ẹnikẹ́ni kò gbúròó wọn. Lẹ́yìn náà ó wá sọ pé àwọn èrò Mẹ́kà kan ti wọ Màídúgùrì, wọ́n sì rí ọkùnrin Ìlọrin kan tó ń rán fìlà lẹ́bàá ọkọ̀ láàárín wọn. Nígbà tó tún dé, ó ní wọ́n ti dé Kánò, òun fi ojú ara òun rí wọn, lọ́rì wọn ló dẹnu kọlẹ̀, wọ́n ń dúró de irin kan. Gbogbo ilé hó yè. Ìyá Àgbà wò mí, ó ní, "Ẹni tó wà lọ́nà kò tíì dé. Àwáwù, padà sídìí ọlọ rẹ." Ṣùgbọ́n ó rẹ́ amọ̀ tuntun mọ́ ògiri yàrá ìyá mi lọ́jọ́ náà, ó sì ń kọrin sínú.

Ọ̀sán ni wọ́n dé. Àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ gbé igbe láti títì, "Alhazai sun iso! Alhazai sun iso!" ìyẹn ni pé àwọn èrò Mẹ́kà ti dé. Gbogbo Túdùn Wádà sì tú jáde. Lọ́rì náà funfun fún eruku, àwọn èrò Ìlọrin tó kù nínú rẹ̀ ń sọ fún dírẹ́bà pé kó yára, wọ́n fẹ́ kọjá odò ní Jẹ́bà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀. Ó ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti gùn, láwàní wà lórí rẹ̀. Ìyá mi tẹ̀lé e. Nígbà tó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, mo sì rí nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú lẹ́nu rẹ̀, mo rò pé hóró àgbàdo ló há sí i léyín. Eyín wúrà ni, èyí tí àwọn obìnrin wa máa ń fi sí ẹnu ní Mẹ́kà kí gbogbo ayé lè mọ ibi tí wọ́n dé. Mo sáré dì mọ́ ọn. Ó ń gbóòórùn epo mọ́tò àti lọ́fínńdà. Ìyá Àgbà wá mú Yísá jáde, ìyá mi sì na ọwọ́. Ọmọ náà wo ìbòrí gígùn, ó wo eyín, ó wo ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tó ń kígbe, ó sì figbe ta. Ó ń jà, ó ń gé Ìyá Àgbà jẹ lọ́wọ́, títí Ìyá Àgbà fi jọ̀wọ́ rẹ̀ tó sáré padà sínú ilé. "Má fipá gbé e," ni Ìyá Àgbà sọ fún ìyá mi. "Ojú ayé ló pọ̀ fún un. Tí o bá wọlé, tí o jókòó jẹ́ẹ́, á fúnra rẹ̀ wá bá ọ." Ìyá mi gbá ìbòrí rẹ̀ jọ, ó gbé ẹsẹ̀ láti wọlé.

"Ìyá Àwáwù, dúró," ni bàbá mi wí. Gbogbo wa wò ó. Ó yíjú sí èrò. Ó ní wọ́n kọ́ òun, òun náà sì ń kọ́ àwọn ọmọ, pé àdúrà ẹni tó ti ilé Ọlọ́run ń bọ̀ kì í padà lásán, níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì wọ ilé ara rẹ̀. Tó bá ti wọlé báyìí, ó ti di ènìyàn bí ènìyàn, kò yàtọ̀ mọ́. Ó ní nítorí náà, kí ẹni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn jáde wá, kí ọkùnrin wá bá òun, kí obìnrin lọ bá ìyàwó òun, kí àwọn tọrọ rẹ̀ fún wọn kí àwọn tó wọlé. Kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀, gbogbo Mùsùlùmí àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù tí wọ́n ti lọ ṣáájú rẹ̀, wọ́n máa ń ṣe àdúrà kan fún gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́nu ọ̀nà ni, wọ́n á ṣe àmín, wọ́n á wọlé lọ sùn. Bàbá mi kò mọ bí a ti ń ṣe nǹkan ní ṣókí. Ó rò pé títí di ìrun Mọ̀gàríbà, òun á ti parí. Ó mọ Kùránì, ṣùgbọ́n kò mọ àwọn ará Mínà.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ìlà àwọn ènìyàn ti dé ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Télọ̀. Àríyànjiyàn wá bẹ̀rẹ̀ lórí ibi tí àwọn èrò Mẹ́kà yóò sùn. Bàbá mi ní àwọn lè sùn nínú sàúrè, pé sàúrè kì í ṣe ilé, torí ewúrẹ́ ń sùn níbẹ̀. Ìyá Àgbà ní, "Ṣé ará ìta ni ewúrẹ́ mi ni?" Bàbá mi ronú sí i. Ó bi í pé tí àlejò bá jókòó sí sàúrè, ǹjẹ́ a lè sọ pé ó ti wọlé? Ìyá Àgbà ní tó bá ti mu omi níbẹ̀, ó ti wọlé. Wọ́n bá ara wọn fà á títí oúnjẹ fi tutù. Níkẹyìn wọ́n sùn sábẹ́ àtíbàbà kéwú, a fi ẹní pín in sí méjì, ìyá mi ní apá kan, bàbá mi ní apá kejì. Ènìyàn méjì tí wọ́n ti sùn nínú iyanrìn, tí wọ́n ti sùn lórí àpò iyọ̀, tí wọ́n ti sùn lórí omi òkun, wọ́n tún wá sun ìta ilé ara wọn. Èmi ni mo ń gbé túwó lọ fún wọn, tí mo ń gbé bùtà àlùwàlá, inú mi sì dùn púpọ̀, nítorí pé gbogbo àwọn ọmọ àdúgbò ń wò mí bí mo ti ń kọjá láàárín ilé àti àtíbàbà.

Ọjọ́ kejì ni àwọn ará ọ̀nà jíjìn bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n ti Bosso wá, wọ́n ti Pàíkò wá. Ọkùnrin kan fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́. Ọkùnrin kan fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ kú, bàbá mi sì lé e. Obìnrin kan ní orúnkún ló ń dun òun. Arábìnrin Gwárì kan tó gbé igi sí èjìká, tó ń lọ sọ́jà, béèrè lọ́wọ́ mi ní Hausa ohun tí wọ́n ń pín níbẹ̀. Mo ní àdúrà ni. Ó sọ igi kalẹ̀, ó tò sí ìlà. Kò mọ Mẹ́kà, kò mọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi, ó fọwọ́ kan ikùn, ó nàka sókè, ìyá mi sì gbàdúrà fún un, òun náà sì ní "Amin," ó gbé igi rẹ̀, ó lọ. Bàbá mi gbójú sókè, ó sì pe ẹni tó kàn. Bí ẹni bá ti rìn láti ilẹ̀ Gwárì títí dé ilẹ̀ Lárúbáwá, tó sì padà, àwọn nǹkan kan kì í yà á lẹ́nu mọ́. Bí àyè bá ṣí sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sọ díẹ̀ nípa ọ̀nà: bí lọ́rì ṣe rì sínú iyanrìn tí gbogbo èrò ń fi pákó sábẹ́ táyà, bí wọ́n ṣe ń fi agolo kan ṣoṣo wọn omi fún olúkúlùkù, bí ìyá mi ṣe dín mọ́sà tà ní ìlú kan ní Sùdáànì tí owó ọkọ̀ ti tán lọ́wọ́ wọn, tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń pè é ní ìyá oníṣúgà. Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n kò wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ló ń wò.

Láti ibi tó jókòó sí, ó lè rí sàúrè, kí ó sì rí díẹ̀ nínú àgbàlá. Nígbà mìíràn Yísá á kọjá níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù aláràbarà rẹ̀, á dúró, á yọjú, bí ojú wọn bá sì pàdé, á sá. Ìyá mi á na mọ́sà sí i, á pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà á fi ọwọ́ bo ojú. Mo gbọ́ nígbà tí ìyá mi sọ fún Ìyá Àgbà pé, "Mà, ní gbogbo ọ̀nà tí a rìn, bí wọ́n bá ní kí n tọrọ ohun tí mo fẹ́, òun ni mo ń tọrọ, kí n padà bá a láàyè. Ọlọ́run fún mi. Ó wá ku ibi tí ojú mi ká yìí, ẹ ò jẹ́ kí n lọ." Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí tẹ̀súbà. Ìyá Àgbà ní òun kọ́ ló dá a dúró, ọkọ rẹ̀ ni. Ó lọ bá bàbá mi, ó sọ̀rọ̀ fún un gidi. Bàbá mi ní òun kò lè ti ilẹ̀kùn àánú mọ́ ènìyàn kan lójú nígbà tí ó ṣì ń bọ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n òun gbà, tí a bá ti kí ìrun Alásárì lọ́la, àwọn á wọlé, ẹni tí kò bá sì tíì dé, Ọlọ́run á gbọ́ tirẹ̀ níbòmíràn. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé ìyá mi lè rú òfin náà nígbàkúùgbà. Kò sí ẹni tó fi okùn dè é. Ṣùgbọ́n ó ti rí ojú àwọn obìnrin tó wà lórí ìlà.

Pàápàá, ó ti rí ojú Ìyàwó Télọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, Ìyàwó Télọ̀ gbé omi tútù wá. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àkàrà kósé wá, ó tún padà wá gbé àwo, ó tún padà wá pé òun gbàgbé ìdérí. Gbogbo ìgbà tó bá dé, yóò kí ìyá mi, yóò dúró, yóò wo ìlà, yóò ní "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àlájà," yóò padà sílé. Ìyá mi mọ ohun tó fẹ́. "Ìyàwó, wá jókòó," ló sọ fún un. "Mo ń bọ̀, mà. Ẹ jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí kọ́kọ́ lọ." Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti mọ̀. Aya ẹni tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Tó bá sì tò sí ìlà náà, gbogbo àdúgbò tí kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ yóò rí i pẹ̀lú ojú pé ó ṣì ń tọrọ. Ó pè mí sẹ́yìn ògiri nírọ̀lẹ́, ó bi mí pé, "Àwáwù, ìgbà wo ni wọ́n ní àwọn máa wọlé?" Mo ní ọ̀la, lẹ́yìn Alásárì. Ó ní, "To, madalla," pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ó fún mi ní kúlíkúlí.

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun Àìlà, oòrùn mú gan-an débi pé ìlà tú. Àwọn ọkùnrin ti lọ sábẹ́ òjìji mọ́ṣáláṣí, bàbá mi fẹ̀yìn lélẹ̀ ní apá tirẹ̀, ó ń wo fìlà kan tó ń rán láti Sùdáànì. Máṣíìnì Bọ̀dá Télọ̀ ń dún. Ìgbà yẹn ni Ìyàwó Télọ̀ jáde. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ ìró àti bùbá tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò gbé àwo kankan dání. Máṣíìnì dákẹ́ nígbà tó ń kọjá, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún, mo sì mọ̀ nígbà tí mo dàgbà pé ọkọ rẹ̀ ló gbà fún un. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi. Kò sọ ohun tó fẹ́. Ìyá mi gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ní, "Ìyàwó, mo ti ń tọrọ rẹ̀ fún ọ láti òkè Àráfà. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká tọrọ rẹ̀ pọ̀. Dárúkọ rẹ fún mi, kí o dárúkọ ìyá tó bí ọ." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, kí àdúrà lè mọ ẹni tó ń lọ bá. Ìyàwó Télọ̀ gbé ojú sókè, ó la ẹnu.

Igbe ló ti inú ilé wá. Kì í ṣe igbe ẹkún ọmọdé tó ń ṣe ìjàngbọ̀n, gbogbo ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ rí ló mọ irú igbe náà. Ìyá Àgbà ti lọ da ìyàngbò nù lẹ́yìn ilé, Yísá sì ti ki ọwọ́ bọ inú pòpórò ọkà tí a fi ń dáná, àkekèé wà níbẹ̀. "Ìyá!" ló kígbe. "Wayyo, Ìyá!" Ìyá Àgbà ló ń pè. Ìyá mi ló dáhùn. N kò rí ìgbà tó dìde. Ohun tí mo rí ni ìbòrí rẹ̀ nílẹ̀, àti bùtà tó ń da omi síta, àti ẹ̀yìn rẹ̀ nínú sàúrè. Bàbá mi tó ti fi odidi ọjọ́ méjì ṣàlàyé ohun tó jẹ́ ilé àti ohun tí kì í ṣe ilé fò kọjá ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí iná ń lé, láwàní rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Nígbà tí mo dé inú àgbàlá, ọmọ ti wà láyà ìyá mi, ó ti di ọrùn rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ kan, ọwọ́ kejì ti ń wú. Ẹni tó wọlé lẹ́yìn mi ni Ìyàwó Télọ̀. Ó ti kọ́kọ́ sáré gba ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, ó mú òwú dání, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi di ọrùn ọwọ́ Yísá gírígírí kí oró má baà gùn ún. Ìyá Àgbà gún àlùbọ́sà lẹ̀ ẹ́. Yísá ń ké, ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò jọ̀wọ́ ọrùn ìyá mi.

Nígbà tí igbe náà lọ sílẹ̀ díẹ̀ ni a tó rí ibi tí a wà. Ìyá mi wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí ẹní yàrá rẹ̀, ó sì wo Ìyàwó Télọ̀ tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ti kúnlẹ̀ níta, tó di etí òwú mú. "Ìyàwó," ló wí, "mo ti wọlé." Ìyàwó Télọ̀ kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ bá mi di ibí yìí mú, mà, kó má tú." Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà. Ó ní bóyá ẹni tí ìnira gbé wọlé kò tíì wọlé, pé ó ní ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, pé tí àwọn bá tètè jáde padà... "O ti wọlé," ni Ìyá Àgbà sọ fún un. "Ọlọ́run rí ọ." Bàbá mi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn Alásárì, àwọn ènìyàn dé, wọ́n bá àtíbàbà lófìfo, wọ́n rí láwàní lẹ́nu ọ̀nà, ó sì yé wọn. Àwọn kan kùn. Púpọ̀ nínú wọn béèrè ara ọmọ, wọ́n sì lọ. Ara Yísá gbóná mọ́jú, nígbà tó jí, ó la ẹnu sí ìyá mi pé kó fi ẹran sí i.

Ìyá mi ò yéé gbàdúrà fún Ìyàwó Télọ̀. Láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsùbá ni mo ń gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, nítorí ó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Bọ̀dá Télọ̀ lẹ́yìn-ò-rẹyìn: Ẹ́síterì, ọmọ Abẹ́kẹ́. Ọmọ kò dé. N kò mọ̀ bóyá yóò dé bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣe àdúrà yẹn dé àmín, n kì í sì í ṣe ẹni tó lè sọ ohun tí Ọlọ́run yóò ṣe. Àwọn méjèèjì ń na iyọ̀ sí ara wọn lórí ògiri bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹran Iléyá ń lọ sọ́hùn-ún, ìrẹsì Kérésì ń bọ̀ níbí. Wọn kò sọ̀rọ̀ nípa ọ̀sán yẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ níbikíbi ládùúgbò, ìyá mi kì í lè jẹun níbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ó jẹ gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò sin ín. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, ìyá mi ti darúgbó, kí Bọ̀dá Télọ̀ tó kú. Ìyàwó rẹ̀ di ẹrù rẹ̀ láti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí, ó sì wá dágbére. Ó ti hewú. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ń di irun ìyá mi. Ó jókòó sórí ẹní, wọ́n sọ̀rọ̀ ọkọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ríro. Nígbà tó fẹ́ dìde, ìyá mi di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ìyàwó, forí jì mí. Ọ̀rọ̀ kan ló kù kí n gbọ́ lẹ́nu rẹ lọ́jọ́ náà. Ìyá Àgbà wà nílé, bàbá wọn wà nítòsí, ǹ bá ti dúró díẹ̀ sí i."

Ìyàwó Télọ̀ wò ó bí ẹni tó ń ronú ohun tí ìyá mi ń wí gan-an.

"Háà, Àlájà. Ṣé èyí lẹ gbé sọ́kàn láti ọjọ́ yìí? Ká ní èmi ni mo bí Yísá, èmi náà ò ní dúró gbọ́ àmín."